Ẹ̀rọ ìlera: Ìdí tó fi yẹ kí ilé iṣẹ́ mọ ibi tí gbogbo ọjà rẹ̀ wà

Tí ilé iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru àti ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣúgà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo ti tó. Ọ̀gá mọ àwọn oníbàárà rẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ sì mọ iye ọjà tó kù nílẹ̀. Àmọ́ tí iṣẹ́ bá ti gbòòrò, tí alágbàtà ti wà n'Íbàdàn, Àkúrẹ́ àti Ìlọrin, mélòó lèèyàn fẹ́ kà nínú eyín Adépèlé?

Tí páálí bisikíìtì bá sọnù, owó ló lọ. Tí ilé iṣẹ́ ò bá mọ ibi tí ẹ̀rọ ìlera wà, ẹ̀mí lè lọ sí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2021

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ilé iṣẹ́ Philips kéde pé àléébù wà lára àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ kan tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti mí. Fóòmù tí wọ́n fi sínú wọn kí wọ́n má baà máa pariwo lè jẹ dànù, kí aláìsàn sì fà á símú.

Àwọn ẹ̀rọ náà ju mílíọ̀nù 3 lọ káàkiri àgbáyé. Inú yàrá àwọn èèyàn ni ọ̀pọ̀ wọn wà, kì í ṣe ọsibítù. Ilé iṣẹ́ náà ní láti rọ àwọn tó ń lò ó pé kí wọ́n fi nọ́ńbà ara ẹ̀rọ wọn forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Iṣẹ́ wo ni nọ́ńbà náà ń ṣe?

Lọ́dún 2013, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn l'Amẹ́ríkà, ṣòfin pé kí ẹ̀rọ ìlera ní àmì ìdánimọ̀. Apá kan nínú rẹ̀ ń sọ ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà àti irú èyí tó jẹ́. Apá kejì lè sọ nọ́ńbà ẹ̀rọ, ìdì ọjà tó bá jáde, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí kò ní dáa mọ́.

Tí wọ́n bá ń fi fóònù ka àmì yìí nígbà tí ọjà bá kúrò ní èbúté Àpápá, tó wọ sítọ́ọ̀, tó sì dé ọ̀dọ̀ alágbàtà, kọ̀ǹpútà á máa sọ ibi tó wà. Tí ìdì kan bá lábùkù, àwọn tó rà á nìkan ni wọ́n máa pè.

Ibi tí ọjà wà nìkan ò tó

Ẹ wo sitiríìpù, pélébé tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí láti wọn ṣúgà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò fẹ́ ooru tó ju 30°C lọ. Tí wọ́n bá pẹ́ nínú mọ́tò tó gbóná, èsì wọn lè má tọ̀nà, aláìsàn sì lè tipa bẹ́ẹ̀ gba abẹ́rẹ́ insulin tó pọ̀ jù. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ilé iṣẹ́ máa kọ bí ibi ìkẹ́rùsí ṣe gbóná tó sílẹ̀, kí páálí tí ọjọ́ rẹ̀ sún mọ́lé jù sì kọ́kọ́ jáde.

Kí lẹ̀yin oníbàárà lè ṣe?

Ẹ má ju páálí àti rìsíìtì nù. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nọ́ńbà ara ẹ̀rọ bá ti ara páálí mu, kí ẹ sì fi nọ́ńbà fóònù yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé, òun ni wọ́n máa fi rí yín.