Ọ̀dà Elépo Nínú Àpótí: Bí Mo Ṣe Ń Ya Ilẹ̀ Ibi Tí Mo Bá Dé

Ọ̀pọ̀ yín ló ti bi mí pé kí ló wà nínú àpótí pẹlẹbẹ tí mo máa ń gbé kọ́ èjìká ní ọjọ́ Sátidé. Ẹnì kan ní SS2 tilẹ̀ ń sọ kiri pé mo ti ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe aago. Kì í ṣe aago o. Ọ̀dà ló wà níbẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì mẹ́rin, àkísà, ìgò kékeré kan tó ní ìdérí, àti pátákó mẹ́ta tí ìkọ̀ọ̀kan wọn ò ju ìwé àjákọ lọ. Olóòtú wa ní kí n kúkú ṣàlàyé rẹ̀ sára ògiri yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́.

Ohun tí mò ń ṣe kò le láti sọ. Mo máa ń jáde síta, màá jókòó síbì kan, màá sì ya ohun tí mo bá rí níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà elépo: ilẹ̀, igi, ọ̀nà, òrùlé, ojú ọ̀run. Mo gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ kí n tó dìde. Lẹ́yìn náà ni màá gbé e wọ mọ́tò lọ sílé, nígbà tí ọ̀dà náà ò tíì gbẹ rárá. Ibi tó gbẹ̀yìn yìí ni wàhálà wà jù, màá padà sí i.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé kí ló dé tí àwòrán mi fi kéré tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan rò pé torí pé owó ò sí ni. Owó ò sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n oòrùn ló fà á. Ní kíláàsì Fine Art, ife tí olùkọ́ bá gbé sórí tábìlì á wà níbẹ̀ títí agogo á fi lù. Níta, kò sí ohun tó ń dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ wo òjìji igi tó bá wà nítòsí ilé yín ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹ tún lọ wò ó ní aago márùn-ún ààbọ̀. Á ti gùn sí i, á ti ṣí kúrò níbi tó wà, àwọ̀ rẹ̀ pàápàá á ti yí padà. Tí mo bá gbé pátákó ńlá, kí n tó kun apá òsì tán, oòrùn á ti kúrò lápá ọ̀tún, aago méjì á wá wà nínú àwòrán kan ṣoṣo. Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí. Òjìji igi kan kọjú sí Ifọ̀, òjìji èkejì kọjú sí ibòmíràn, bọ̀dá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àmọ́ pátákó kékeré ṣeé kùn tán láàárín wákàtí kan, kí ilẹ̀ tó yí padà mọ́ni lójú.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Pierre-Henri de Valenciennes, ará Faransé, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1800 pé kí ayàwòrán má lò ju wákàtí méjì lọ lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tó bá sì jẹ́ pé oòrùn ń yọ tàbí ó ń wọ̀, kó má ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Constable jókòó ní Hampstead ní ọdún 1821 àti 1822, ó ń ya ìkúùkù lásán, á sì kọ ọjọ́, aago àti bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ sí ẹ̀yìn àwòrán náà. Mo ti jí ti Constable lò. Tí ẹ bá yí pátákó mi padà, ẹ máa rí ọjọ́, aago, àti "ọyẹ́" tàbí "òjò ń bọ̀."

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni Tom Thomson, ará Kánádà. Ìgbà tó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbájú mọ́ iṣẹ́ yìí. Á wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré lọ sínú igbó Algonquin, á gbé àpótí rẹ̀ lé orúnkún, pátákó tó ń lò ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 21 sí 26 lọ. Láàárín ọdún díẹ̀ tó kù kó tó kú sínú adágún omi kan nínú igbó yẹn ní ọdún 1917, ó ti ya bí irinwó irú rẹ̀. Àwòrán ńlá rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, The Jack Pine, ara ọ̀kan nínú àwọn pátákó kéékèèké yẹn ló ti mú un jáde.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé ike ọ̀dà kékeré tí à ń tẹ̀ bí ọṣẹ ìfọyín yẹn ló jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ rọrùn. Láyé àtijọ́, inú àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn ayàwòrán Yúróòpù máa ń di ọ̀dà sí. Wọ́n á so ó lẹ́nu, wọ́n á fi ìṣó lu ú tí wọ́n bá fẹ́ lò ó, kò sì ní ṣeé dé dáadáa mọ́. Ẹ fojú inú wo ìyẹn nínú báàgì nínú mọ́tò. Ọdún 1841 ni John Goffe Rand, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, gba ẹ̀tọ́ lórí ike onírin tó ṣeé tẹ̀, tó sì ṣeé dé padà. Látìgbà náà ni ènìyàn ti lè kó ọ̀dà rẹ̀ sápò kó sì máa lọ.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ẹni tí gbogbo ìwé ń kọ́kọ́ dárúkọ tó bá di ọ̀dà elépo ní Nàìjíríà ni Aina Onabolu, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1882. Ó kọ́ ara rẹ̀ nípa wíwo àwòrán inú ìwé ìròyìn, ó sì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1920 láti lọ kọ́ ọ sí i. Nígbà tó dé ní 1922, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Èkó, ó sì ń rọ ìjọba títí wọ́n fi mú olùkọ́ mìíràn, Kenneth Murray, wá ní 1927. Ojú ènìyàn ni Onabolu fẹ́ràn láti máa yà, kì í ṣe oko àti igbó. Síbẹ̀, tí kò bá sí ti ìjà tó jà yẹn, bóyá a ò ní ní kíláàsì Fine Art tí mo ń sọ yìí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọ̀dà tútù nínú mọ́tò. Ọ̀dà tí wọ́n pò mọ́ omi máa ń gbẹ nítorí pé omi inú rẹ̀ ń fẹ́ lọ. Epo kì í fẹ́ lọ. Epo irúgbìn kan tó ń jẹ́ linseed ni wọ́n fi ń po ọ̀dà yìí, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń wọ inú rẹ̀ tó ń jẹ́ kó le díẹ̀díẹ̀ (ẹ̀yin ọmọ Chemistry, oxidation tí ẹ kọ́ náà ni). Èyí tó fẹ́lẹ́ lè gbẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, èyí tó nípọn lè gba oṣù. Mi ò mọ èyí nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Mo gbé pátákó mi sórí itan nínú dánfó láti Abẹ́òkúta, a já sínú kòtò kan nítòsí Papalanto, òrùlé gbogbo ìsàlẹ̀ Olúmọ sì lọ lẹ̀ mọ́ apá léèsì funfun ìyá tó jókòó tì mí. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ní, "Ọmọ yìí, ṣé akunlé ni ẹ́ ni?" Mo dọ̀bálẹ̀ nínú mọ́tò. Màmá mi ló padà lọ bá mi bẹ̀ wọ́n nílé wọn.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí rèé. Mo máa ń kọjú pátákó méjì síra wọn, màá ki igi ìṣáná sáàárín wọn ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n má bàa kan ara wọn, màá wá fi rọ́bà dè wọ́n. Ọ̀dà á wà nínú, igi á wà níta. Láti ọjọ́ yẹn, kò tíì ba aṣọ ẹnikẹ́ni jẹ́.

Àkísà náà tún ṣe pàtàkì, ẹ jọ̀ọ́. Epo linseed máa ń mú ooru jáde bó ṣe ń gbẹ. Tí ẹ bá ká àkísà tó ti mu epo yẹn jọ sínú báàgì, ó lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ìṣáná. Èmi máa ń tẹ́ tèmi sórí okùn níta, tàbí kí n rì í sínú omi.

Nípa àwọ̀, márùn-ún péré ni mò ń gbé: funfun, pupa, yẹ́lò, búlúù, àti àwọ̀ ilẹ̀. Mi ò ra gíríìnì. Gíríìnì inú ike kò jọ ewé kankan ní Ibogun. Ọ̀pẹ ní tirẹ̀, ẹ̀gẹ́ ní tirẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní tirẹ̀, pípò ni màá fi rí wọn. Ilẹ̀ pupa wa tí gbogbo wa rò pé a mọ̀, ẹ lọ wò ó dáadáa ní ọ̀sán: ó funfun díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n da ìyẹ̀fun sí i. Òjìji tó bá ṣubú lé e lórí kì í ṣe dúdú, bí èèpo àlùbọ́sà ló ṣe rí. Mi ò gbà á gbọ́ nígbà tí bọ̀dá mi sọ ọ́, títí mo fi jókòó tì í.

Màá kọ́kọ́ dí ojú díẹ̀ kí n lè rí ibi tó ṣókùnkùn àti ibi tó mọ́lẹ̀, kí n má kíyè sí ewé kọ̀ọ̀kan. Ibi tó ṣókùnkùn ni màá kọ́kọ́ kùn, pẹ̀lú ọ̀dà tí mo fi turpentine là kó fẹ́lẹ́. Èyí tó nípọn tó sì lépo jù á wá gbẹ̀yìn. Tí ẹ bá yí i padà, tí èyí tó lépo wà nísàlẹ̀, ti òkè á ti gbẹ tán kó tó gbẹ, á sì sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Igi ọ̀nà jíjìn máa ń dà bíi búlúù nítorí afẹ́fẹ́ tó wà láàárín wa. Nígbà ọyẹ́, wọ́n tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́, eruku ti bò wọ́n. Mo fẹ́ràn ọyẹ́ fún àwòrán, àmọ́ eruku náà máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà, kantíkantí náà sì ń wá kú síbẹ̀. Ẹ má ṣa kòkòrò náà kúrò nígbà tó tutù, ẹ dúró kó gbẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lè lọ bẹ káfíńtà fún àjákù pílíwúùdù, kó fi ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń kun ògiri kùn ún lẹ́ẹ̀mejì kí igi má bàa fa epo mu. Ọ̀dà gloss tí wọ́n fi ń kun géètì náà ṣeé fi kọ́ṣẹ́, òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń ṣàn, àwọ̀ rẹ̀ ò pọ̀, àwọn kan sì ní òjé nínú, nítorí náà ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ dáadáa kí ẹ tó jẹun.

Ohun kan wà tó ṣẹlẹ̀ nínú ìsinmi tó kọjá. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó ti Ibogun lọ sí Ifọ̀, mò ń ya oko ẹ̀gẹ́ kan tó ní ahéré láàárín. Ìyá àgbà kan jáde sí mi pẹ̀lú àdá lọ́wọ́.

"Ta ló rán ẹ wá?"

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ẹnikẹ́ni kọ́ mà, àwòrán ni mò ń yà."

"Àwòrán kí ni? Ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wo ilẹ̀ onílẹ̀ náà ni?"

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe rí ládùúgbò wa, mi ò lè bá wọn bínú. Mo na pátákó náà sí wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wò ó, wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Ahéré mi rèé! Ṣé bí òrùlé rẹ̀ ṣe wọ́ tó náà nìyí?" Wọ́n wá tún wò ó. "Ìbẹ́pẹ mi dà?"

Òótọ́ ni, mo ti yọ ìbẹ́pẹ náà kúrò kí iṣẹ́ lè tètè parí. Mo fi í síbẹ̀ lójú wọn. Wọ́n sun àgbàdo méjì fún mi, wọ́n sì ní kí n mú àwòrán náà wá tó bá ti gbẹ.

Nígbà tí mo padà lọ, katapílà ti kọjá níbẹ̀. Kò sí ahéré, kò sí ìbẹ́pẹ, píìlà kéékèèké ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ kiri, búlọ́ọ̀kù sì ti wà létí ọ̀nà. Àwọn òṣìṣẹ́ tí mo bá níbẹ̀ ò mọ ibi tí ìyá náà wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gba ọ̀nà yẹn wá sí ilé-ìwé, tí ẹ bá mọ̀ wọ́n, tàbí tó bá jẹ́ pé ìyá ìyá yín ni, ẹ bá mi sọ fún wọn pé pátákó wọn wà lọ́wọ́ mi. Ó ti gbẹ dáadáa.