KÍRÌJÌ: KÍ NI ÌTUMỌ̀ RẸ̀, NÍBO LÓ SÌ TI WÁ?

  

Ẹ ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé wa tó kọjá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jẹ́. Ìyá kan nínú àwọn aláta, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, àti ìyá kan nínú àwọn aláṣọ, ọmọ Ìbàdàn, ni wọ́n ń du àyè àtẹ. Ni ọ̀kan bá ní, "Ẹ má jẹ́ ká tún ja Kírìjì nínú ọjà yìí o." Èkejì ní, "Ẹ jẹ́ ká jà á, ta ló ṣẹ́gun nígbà yẹn?" Kí a tó ṣẹ́jú, ẹ̀rín ti di ariwo, ọ̀rọ̀ ti kan baba tó bí wọn lọ́mọ. Ìyálọ́jà bu owó ìtanràn lé àwọn méjèèjì. Nígbà tí ìpàdé tú, àwọn ọmọ ìdí àtẹ wá bá wa pé, "Màmá Akọ̀wé, kí ni wọ́n ń pè ní Kírìjì gan-an? Ṣé orúkọ èèyàn ni, àbí orúkọ ìlú?" Ìdí rèé tí a fi mú bírò. Ìwé tí àwa kà kò ju ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n a béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà, a sì ní kí àwọn ọmọ ka ìwé ìtàn sí wa létí.

Kírìjì kì í ṣe orúkọ èèyàn, kì í sì í ṣe orúkọ ìlú. Ìró ni. Ìró ìbọn ńlá ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Ilẹ̀ olókè ni ibi tí wọ́n ti jà á, láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, tí méjèèjì wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí. Bí ìbọn bá dún níbẹ̀, òkè yìí á gbà á, òkè tọ̀hún á dá a padà, á máa dún lọ bí àrá tó ń kù ní ọ̀nà jíjìn. Ohun tí etí àwọn èèyàn ń gbọ́ ni kí-rì-jì, kí-rì-jì. Bó ṣe di orúkọ nìyẹn. Èyí kì í ṣe nǹkan tuntun nínú èdè wa. Nígbà tí a kọ́kọ́ rí alùpùpù, ta ló kọ́ wa lórúkọ rẹ̀? Ṣebí bó ṣe ń ké pùpùpù ni a gbọ́ tí a fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ ó wá béèrè pé, ṣé kò sí ìbọn tẹ́lẹ̀ ni? Ó wà. Ṣakabùlà ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn jagunjagun. Ẹnu ni wọ́n ti ń kì í: wọn á da ẹ̀tù sí i, wọn á fi ọ̀pá gún un wọlẹ̀, wọn á fi ọta sí i, kí wọ́n tó wá yìn ín. Kí ẹni kan tó kì í tán, ẹni kejì lè ti sá dé ilé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Ẹ̀kìtì tó wà ní Èkó nígbà náà, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Sàró tó ti oko ẹrú bọ̀, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń dá owó jọ bí àwa náà ṣe ń dá owó nínú ẹgbẹ́ yìí, wọ́n fi ra ìbọn tuntun tí wọ́n ń kì láti ìdí, wọ́n fi ránṣẹ́ sílé. Ìbọn wọ̀nyẹn yá ju ṣakabùlà lọ, ó sì ń ta jìnnà. Ìgbà tí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ dé ojú ogun ni òkè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Orúkọ kejì tí ogun náà ní ni Ogun Ẹ̀kìtì Parapọ̀. Èyí rọrùn, ó túmọ̀ ara rẹ̀: àwọn Ẹ̀kìtì para pọ̀, wọ́n di ọ̀kan. Ìjẹ̀ṣà wà pẹ̀lú wọn, Ìgbómìnà wà níbẹ̀, Àkókó náà wà níbẹ̀. Ohun tó para wọn pọ̀ ni ọ̀rọ̀ ajẹ́lẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ ni ẹni tí Ìbàdàn máa ń fi sí ìlú tí wọ́n bá ti ṣẹ́gun, kó máa gba ìṣákọ́lẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn ajẹ́lẹ̀ kan kì í gba ìṣákọ́lẹ̀ nìkan mọ́. Ewúrẹ́ ẹni, oko ẹni, obìnrin ẹni, wọ́n ń gbà á. Ní 1878 ni Fábùnmi, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, pa ajẹ́lẹ̀ ìlú rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ obìnrin ló fà á. Àwọn ìlú yòókù náà dìde, ogun bẹ́. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà ló wá ṣe olórí ogun Ẹ̀kìtì Parapọ̀. Ààrẹ Látóòsà ló ṣáájú Ìbàdàn. Àgọ́ ogun yẹn ni Látóòsà kú sí ní 1885. Kò padà sílé.

Ọ̀rọ̀ tiwa gan-an ló kù báyìí o, nítorí ọ̀rọ̀ ọjà wà nínú Kírìjì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó, kí Fábùnmi tó ṣe ohun tó ṣe, ní 1877, Látóòsà rán àwọn èèyàn lọ ra ẹ̀tù ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Ẹ̀gbá dá wọn lọ́nà. Ìbàdàn bá Ẹ̀gbá jà nítorí rẹ̀, Ìjẹ̀bú náà ti ọ̀nà tirẹ̀. Kí ọdún méjì tó pé, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tí Ìbàdàn yíjú sí tí kò bá ọ̀tá. Ọ̀nà Oǹdó tí Gómìnà Glover ti Èkó ti bá wọn là ní 1872 ni wọ́n ń gbà yí po. Àwa tí à ń ta iyọ̀ àti ògìrì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Etí òkun ni iyọ̀ òyìnbó ti ń wá. Bí ọ̀nà tààrà bá dí, tí alárù ní láti gba inú igbó yí ká pẹ̀lú ẹrù lórí, kí ẹrù tó délé, owó alárù ti jẹ owó ẹrù. Iyọ̀ wọ́n gógó n'Ìbàdàn nígbà ogun yẹn. Ìyàwó ilé tí kò mọ ohun tí ọkùnrin ń jà fún, inú ìkòkò ọbẹ̀ ló ti mọ̀ pé ogun wà.

A ò sì ní sọ̀rọ̀ Látóòsà ká má dárúkọ Èfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn. Oníṣòwò bíi tiwa ni, àmọ́ tirẹ̀ pọ̀. Àwìn ló ń ta ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn ológun pé kí wọ́n san án bí wọ́n bá ti ogun bọ̀. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọn ò san. Nígbà tó sú u, ó ní òun ò ṣe mọ́. Nígbà tí Látóòsà máa ka ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn, mẹ́ta ló kà: ó ní kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, kò sì jáde wá pàdé òun nígbà tí òun ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ta àwìn rí, ẹ tún un kà! Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1874, ọdún náà kò sì parí tí àwọn ẹrú rẹ̀ fi pa á. A ò sọ pé ẹni mímọ́ ni o. Ẹrú pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì le mọ́ wọn gan-an. Àmọ́ ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Látóòsà ń rán èèyàn jìnnà títí dé Àjàṣẹ́ nítorí ẹ̀tù.

Ogun míì tún wà tí orúkọ rẹ̀ jọ èyí, ìyẹn Jálumi. Oṣù November 1878 ni, nítòsí Ìkìrun. Ìbàdàn ló borí níbẹ̀, àwọn tó ń sá lọ sì já lu omi Ọ̀tìn, púpọ̀ nínú wọn kú sómi. Já-lu-omi, ó di Jálumi. Ìyá aláṣọ wa lè fi ìyẹn yangàn bó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ti Kírìjì ni wọ́n ń du.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n kà fún un, láti 1877 títí di 1893. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó bẹ̀rẹ̀ ti tó gbé ìbọn kó tó parí. Àwọn èèyàn kọ́ ilé sí àgọ́ ogun, obìnrin ń dáná níbẹ̀. Ní ọjọ́ 23 September 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Àlùfáà Samuel Johnson àti àlùfáà Charles Phillips ló ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín wọn. Síbẹ̀, ọmọ ogun ò tú ká tán, àfi 1893 tí Gómìnà Carter ti Èkó wá síbẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ẹni tó ṣẹ́gun, ìwé ni wọ́n fọwọ́ sí. Ìbàdàn kò wọ Iléṣà, Ìjẹ̀ṣà kò wọ Ìbàdàn, àwọn ìlú Ẹ̀kìtì sì gba ara wọn lọ́wọ́ ajẹ́lẹ̀.

Ìyá aláta ti san owó ìtanràn tirẹ̀ fún Akápò. Ti ìyá aláṣọ ló kù.