Bí Omi Bá Gbé Ọjà Lọ, Gbèsè Ńkọ́?

 

Àwa tí a ń gbé ní agbègbè Ìkòròdú mọ̀ pé ìkún omi Àjégúnlẹ̀ kì í ṣe ti òjò ojú wa nìkan. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn lókè lọ́hùn-ún ni dáàmù Ọ̀yán wà, èyí tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní ọdún 1983. Bí òjò bá pọ̀ tí omi ibẹ̀ bá kún jù, wọn a tú u sílẹ̀. Omi náà a gba inú odò Ògùn, a sì dé ọ̀dọ̀ wa kí ó tó wọ ọ̀sà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, ó bo Àjégúnlẹ̀ mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ilé àti ọjà wọn sílẹ̀, tí ìjọba Èkó sì kó nínú wọn lọ sí àgọ́ ní Agbọ̀wà.

Kí ni oníṣòwò kékeré ń ṣe bí omi bá ń bọ̀? Yóò to búlọ́ọ̀kù, yóò tẹ́ pákó lé e, yóò gbé ọjà sórí rẹ̀. Ẹlòmíràn a kó tirẹ̀ lọ sílé ẹbí. Ẹlòmíràn a yáa tà á ní ọ̀pọ̀. Ike àti abọ́ ṣe é fọ̀, ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì tí omi bá kàn ti di òkúta, gàrí tí ó bá rin ti bàjẹ́ náà nìyẹn.

Omi a máa fà, ṣùgbọ́n gbèsè kì í bá a lọ. Ẹni tí ó gba ọjà àwìn, tí omi sì gbé e, olówó ọjà yóò ṣì wá kanlẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni kò tún ṣí mọ́ nítorí èyí, kì í ṣe nítorí omi.

Àlùkùránì, nínú Súrà kejì, pàṣẹ pé kí a dúró de onígbèsè tí ara ń ni títí ara yóò fi dẹ̀ ẹ́. Súrà kẹsàn-án ka onígbèsè mọ́ àwọn mẹ́jọ tí Sàká tọ́ sí. Ní ayé Ànọ́bì wa, ọkùnrin kan ra èso, èso náà bàjẹ́, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ànọ́bì ní kí àwọn ènìyàn ta á lọ́rẹ. Nígbà tí ọrẹ náà kò ká gbèsè, ó ní kí àwọn olówó gba ìwọ̀nba tí wọ́n bá rí lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olówó ọjà, ẹ fún wọn láyè. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ìmáàmù, ẹ rántí wọn bí ẹ bá ń pín Sàká. Ẹ̀yin oníṣòwò náà, ẹ má jẹ́ kí oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá bá gbogbo owó yín nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fi díẹ̀ sọ́wọ́ alájọ, ẹ má sì da ìdọ̀tí sí gọ́tà.

Kí Ọlọ́run má fi omi ṣe ìdánwò wa. Àmín.