Ẹ Má Tíì Ta Àpótí Fọ́tò Bàbá Yín

Ẹ̀yin ènìyàn wa ní Diobu, ní Town, ní Rumuokoro àti níbi gbogbo tí ọmọ Yorùbá fi ṣe ilé ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti owó ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe ti gbọ̀ngàn tí a kò tíì kọ́ parí. Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni.

Láìpẹ́ yìí, ọmọkùnrin kan wọlé bá wa ní ìpàdé. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó ní fọ́tò àtijọ́ lòun ń rà. Kò fẹ́ aláwọ̀ mèremère. Dúdú-àti-funfun ló ń wá, èyí tí wọ́n yà ní sítúdíò, pàápàá èyí tí òǹtẹ̀ ayàwòrán wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní bí nẹ́gátífù bá wà, òun á fi nǹkan lé owó. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ní irú àpótí bẹ́ẹ̀ nílé. Ọkọ rẹ̀ dé ìlú yìí lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ó ṣí sítúdíò, òun ló sì ya ìgbéyàwó àti ìkómọjáde ìdajì àwa tó jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Iye tí ọmọkùnrin yìí dá lórí odidi àpótí kò tó ra àpò ìrẹsì kan. Màmá ti fẹ́ gbà á, nítorí ilé ń jò, owó òrùlé sì wọ́n. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró ná, kí a wádìí wò.

Ohun tí a rí yà wá lẹ́nu. Àwọn kan wà káàkiri ayé tí wọ́n ń kó fọ́tò jọ bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń kó ère àti àwòrán ọlọ́dà jọ. Wọ́n ń rà á ní gbọ̀ngàn àfihàn, wọ́n ń rà á ní gbàǹjo. Lójú wọn, fọ́tò kan náà lè ní iye méjì tó jìnnà síra bí Bonny ṣe jìnnà sí Ṣakí. Èyí tí ayàwòrán fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ nínú yàrá òkùnkùn ní àkókò tó yà á gan-an, tí wọ́n ń pè ní vintage, ló sábà máa ń wọ́n jù. Èyí tí wọ́n tún tẹ̀ ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà láti ara nẹ́gátífù kan náà ní iye tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹgbẹ́ àkọ́kọ́. Ti àwọn ayàwòrán òde òní tún yàtọ̀. Wọ́n á kéde pé mẹ́wàá péré làwọn máa tẹ̀ ní ìwọ̀n báyìí, wọ́n á kọ nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fọwọ́ sí i, kò sì ní sí ẹ̀kọkànlá. Àwa tí a máa ń sọ fún fọtógíráfà pé kó tẹ dọ́sìn méjì fún wa, ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ rú wa lójú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán nìyí. Bonny tí ẹ ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ yìí ni wọ́n ti bí Jonathan Adagogo Green ní 1873, ọmọ Ibani pọ́ńbélé. Ó ya àwọn ọba àti ìjòyè etí omi, ó ya òyìnbó oníṣòwò àti àwọn aláṣẹ ìjọba wọn. Òun ló ya Ọba Ovonramwen ti Benin ní 1897, nínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń gbé e lọ sí ìgbèkùn ní Calabar. Green kú ní 1905, nígbà tí Port Harcourt fúnra rẹ̀ kò tíì sí. Nítorí orúkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé òyìnbó ni. Lónìí, iṣẹ́ rẹ̀ wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Martha Anderson àti Lisa Aronson, sì ṣe odidi ìwé lé e lórí ní 2017. Mélòó nínú wa tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ yìí ló gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí?

Ẹ wo ti Seydou Keïta, ará Bamako ní Mali. Ní 1991 wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ kọ́ sí ibi àfihàn kan ní New York, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn kò mọ ẹni tó yà á. Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà ṣì wà láàyè ní ilé rẹ̀ ní Bamako! Nígbà tí wọ́n wá a rí, òkìkí rẹ̀ kàn kárí ayé. Ó kú ní 2001, awuyewuye sì bẹ́ sílẹ̀ lórí ta ló ni nẹ́gátífù rẹ̀. Ìdí nìyí tí ara fi fu wá nígbà tí ọmọkùnrin yẹn dárúkọ nẹ́gátífù. Ẹni tó ra fọ́tò kan ra bébà kan. Ẹni tó bá kó nẹ́gátífù lọ láìsí ìwé àdéhùn, ibi tó máa tẹ̀ ẹ́ dé, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.

Àpẹẹrẹ tó dùn mọ́ Màmá jù ni ti J.D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ Emai ní ilẹ̀ Ẹdó. Ní 1950 ló ra kámẹ́rà kékeré kan. Ní 1954 ó rí iṣẹ́ sí Iléeṣẹ́ Ètò Ìròyìn ní Ìbàdàn, nínú yàrá òkùnkùn. Láti 1968 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àti irun kíkó àwọn obìnrin wa, ọ̀pọ̀ rẹ̀ láti ẹ̀yìn orí, títí tó fi tó bí ẹgbẹ̀rún kan. Onílé gogoro wà níbẹ̀. Nígbà tí a sọ èyí, Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọkọ àwọn máa ń bínú bí obìnrin bá kẹ́yìn sí kámẹ́rà. Àwọn irun yẹn dé Kassel ní Jámánì ní 2007, wọ́n dé Venice ní 2013, kí bàbá náà tó kú ní 2014. Ní Kassel ọdún kan náà, George Osodi fi fọ́tò tó yà ní Niger Delta wa yìí hàn, iná gáàsì àti odò olóròóró, ohun tí àwa ń kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́.

Yorùbá náà ti mọ agbára nẹ́gátífù tipẹ́. Ní 1978, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí bí a ṣe ń lo fọ́tò. Ìlá Ọ̀ràngún wà lára ibi tó ti ṣèwádìí. Ó rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìjẹ́ pé wọ́n ti ya méjèèjì pọ̀, wọ́n á ya èyí tó kù, ayàwòrán á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, Táyé àti Kẹ́hìndé á sì jókòó ti ara wọn. Ẹ sọ fún wa, èló ni ẹ fẹ́ ta irú ìyẹn?

Àwọn àgbà kan ní ìpàdé ní kò yẹ kí a ta ojú òkú rárá. A gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n a kò fara mọ́ ọn tán. Òrùlé Màmá ń jò ní tòótọ́. Ní 2018, wọ́n ta àwòrán ọlọ́dà Ben Enwonwu tó ń jẹ́ Tutu, ti ọmọ ọba Ifẹ̀, ní gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ju mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ. Àwọn tó ni ín kò mọ ohun tó wà nínú ilé wọn títí ẹni tó mọ̀ fi sọ fún wọn. Fọ́tò kì í sábà jẹ́ ẹgbẹ́ ìyẹn ní owó, a kò sì sọ pé àpótí Màmá máa kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ohun tí à ń sọ ni pé kí a mọ ohun tí a ń tà kí a tó tà á.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀ nílé, ẹ dákun, ẹ má lọ ṣe é ní laminéètì. Iṣẹ́ yẹn ti ba fọ́tò àtijọ́ jẹ́ ju ikán lọ. Ẹ má gé etí rẹ̀ kó lè wọ fírémù, ẹ má sì fi omi nù ún. Èéfín dúdú tó ń bà lé wa lórí ní ìlú yìí láti ìparí 2016 kò mọ ti fọ́tò yàtọ̀ sí ti aṣọ, ọ̀rinrin sì ń mú kó hu èébu. Ẹ fi bébà funfun tó mọ́ sáàárín wọn, kí ẹ gbé e kúrò nílẹ̀, kúrò lára ògiri tó ń rin. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, kì í ṣe báírò.

Màmá kò tà á. Ọmọkùnrin náà ní òun á padà wá, a sì ti sọ fún un pé kó mú ìwé àdéhùn dání. Àpótí náà wà nílé akọ̀wé wa báyìí, lórí àga, wọ́n fi aṣọ bò ó. Ohun tó ń dà wá láàmú ni pé ọ̀pọ̀ ojú inú rẹ̀ la kò mọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ya ẹ̀yin tàbí òbí yín ní sítúdíò kan ní Mile 1 láàárín 1971 àti 1985, ẹ wá sí ìpàdé ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ mú awò ojú yín dání, kí ẹ sì mú àgbàlagbà kan tó ṣì rántí orúkọ ènìyàn dáadáa wá.