Omi Tó Kù Sínú Ẹ́ńjìnì

Bí a ti ń múra àtilọ sílé, kí ẹni tí ó ní ọkọ̀ ojú omi ní adágún Ṣíróró tàbí Kàínjí má gbàgbé ẹ́ńjìnì rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń wá.

Omi tó kù sínú ẹ́ńjìnì ni ọ̀tá rẹ̀. Níhìn-ín, ó ń mú irin dógùn-ún. Ní Kánádà, níbi tí àwọn ọmọ wa mìíràn ń gbé, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà òtútù, omi a máa di yìnyín, a sì fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, títí irin yóò fi là.

Kí ẹ tó gbé e pamọ́, ẹ fi omi mímọ́ ṣan inú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e dúró ṣánṣán kí omi lè jò tán. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì gíà. Bí èyí tó jáde bá funfun bí omi ògì, omi ti wọlé. Ẹ pe mẹkáníìkì.

Ẹ kọ èyí ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wa lókè òkun pẹ̀lú. Ọlọ́run yóò mú wa lọ, yóò mú wa bọ̀.