Ṣé Ó Yẹ Kí Sóyà Tẹ̀lé Àgbàdo Lóko Rẹ?

Tó o bá ń na ọjà Ìkòtún, ó ṣeé ṣe kó o ti jẹ wàrà sóyà tí wọ́n ń pè ní bẹ́sìkẹ́ rí. Àmọ́ ṣé o ti ronú nípa sóyà fúnra rẹ̀ lóko?

Ká ní Ìgàndò lò ń gbé, o sì háyà ilẹ̀ sápá Ìfọ̀. Àgbàdo lò ń gbìn ṣáá, lórí ilẹ̀ kan náà. Ilẹ̀ ti ń ṣá, ajílẹ̀ sì ti gbówó lórí. Ẹnì kan wá ní: "Gbin sóyà, á bọ́ ilẹ̀ fún ẹ." Ṣé òótọ́ ni? Òótọ́ ni, àmọ́ ó ku ibì kan.

Ibo ni sóyà ti ń rí oúnjẹ?

Ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ tí à ń mí ló jẹ́ nitrogen, ṣùgbọ́n àgbàdo ò lè fà á lò bẹ́ẹ̀. Sóyà ní tiẹ̀ ní alábàágbé: àwọn bakitéríà tó ń gbé inú kókó kéékèèké lára gbòǹgbò rẹ̀. Ó ń fún wọn ní ṣúgà, àwọn náà ń sọ nitrogen inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ fún un.

Ọ̀pọ̀ sóyà Amẹ́ríkà kì í bá bakitéríà ilẹ̀ wa rẹ́ dáadáa. Àwọn onímọ̀ IITA n'Ìbàdàn ló ṣe àwọn irú tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TGx, bíi TGx 1448-2E, kí wọ́n lè bá tiwa ṣe.

Ìṣirò tó yẹ kó o ṣe

Kóró sóyà tọ́ọ̀nù kan ń kó nitrogen bíi kílò 60 kúrò lóko. Ti àgbàdo tọ́ọ̀nù kan ò ju bíi kílò 15 lọ. Àpò yúríà kílò 50 kan sì ní kílò 23. Ìyẹn ni pé tọ́ọ̀nù sóyà kan tó o bá tà ti gbé ju àpò yúríà méjì àbọ̀ lọ! Afẹ́fẹ́ ló san púpọ̀ nínú ẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ náà san díẹ̀.

Nítorí náà, tó o bá kó ewé àti igi sóyà dànù, tàbí tó o sun wọ́n, ilẹ̀ lè jẹ gbèsè. Fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jẹrà. Ibẹ̀ ni èrè àgbàdo tó ń bọ̀ wà.

Dán an wò ná

Lẹ́yìn àgbàdo àkọ́kọ́, gbin sóyà sí igun kan oko, kó lo òjò àrọ̀kúrò. Sóyà kì í pẹ́ pàdánù agbára àtihù, torí náà kọ́kọ́ di kóró 100 sínú aṣọ tútù fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Tí èyí tó hù ò bá tó 80, wá irúgbìn míì.

Tó bá ń tanná, hú mélòó kan, kó o la kókó gbòǹgbò wọn. Tí inú rẹ̀ bá pupa, iṣẹ́ ń lọ. Tó bá funfun tàbí tó ní àwọ̀ ewé, kò ṣiṣẹ́. Tó bá gbẹ, tètè kórè, kó má baà fọ́n sílẹ̀.

Ju gbogbo ẹ̀ lọ, wá oníbàárà kó o tó gbìn: àwọn tó ń din bẹ́sìkẹ́, àwọn tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ. Tó ò bá rí, ẹ̀wà àti ẹ̀pà náà ní irú kókó yẹn lára gbòǹgbò. Ìyẹn, tó ò bá tà á, wàá jẹ ẹ́.