Edan Òṣùgbó

Idẹ àti irin. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá àti Àwórì, títí dé Ọ̀tà.

Ère méjì, akọ àti abo, tí ẹ̀wọ̀n so pọ̀ lórí. Asúdẹ máa ń fi amọ̀ yí ọ̀pá irin ká, á fi ìda oyin bò ó, á sì ya ojú àti ọwọ́ sára ìda náà. Á tún fi amọ̀ bo gbogbo rẹ̀, á wá yá a níná kí ìda yọ́ jáde. Àyè tí ìda fi sílẹ̀ ló ń da idẹ yíyọ́ sí. Bí idẹ bá tutù, á fọ́ amọ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lè lò ó, ìdí nìyẹn tí edan kan kì í fi í jọ òmíràn pátápátá.

Idẹ wọ́n nígbà kan rí. Láàárín 1505 sí 1508, Duarte Pacheco Pereira, ará Pọ́túgà, kọ ọ́ pé ẹ̀gbà idẹ 12 tàbí 15 ni wọ́n fi ń ra ẹrú kan ní Ìjẹ̀bú.

Láyé àtijọ́, bí ìjà bá mú ẹ̀jẹ̀ kan ilẹ̀, àwọn àgbà ẹgbẹ́ awo Òṣùgbó máa ń fi edan ránṣẹ́ síbẹ̀ láti paná ọ̀rọ̀. Idẹ kì í dípẹtà, nítorí náà ẹ̀mí gígùn ni wọ́n ń fi í tọrọ.

Ẹ wo ọwọ́ ère: ẹ̀ṣẹ́ òsì wà lórí ọ̀tún, àtàǹpàkò sì fara pamọ́ sínú. Bí àwọn ọmọ Òṣùgbó ṣe ń kí ilẹ̀ nìyẹn.